Awò Tí Ọ̀gá Fi Ya Fọ́tò

Ìwà Bọ́láwárìn máa ń rí mi lára. Mi ò sọ ọ́ lẹ́yìn rẹ̀ nìkan, mo ti sọ ọ́ lójú rẹ̀.

Ṣọ́ọ̀bù fọ́tòkọ́pì mi ló fara ti tiẹ̀ ní Agbowó, níbi tí wọ́n ti ń fín orúkọ sára àmì ẹ̀yẹ. Adùnọlá ló ń bá a ṣiṣẹ́ láti ọdún mẹ́fà. Ọmọ tíṣà ni, bàbá rẹ̀ sì kọ́ ọ débi pé kì í jẹ́ kí orúkọ kankan jáde láìní àmì. Á bi oníbàárà pé, "Ẹ má bínú sà, ṣé ó ní àmì lábẹ́ 'o' yìí?" Bí iṣẹ́ bá parí, á gbé e sún mọ́ ojú, á máa wo àmì kéékèèké yẹn lọ́kọ̀ọ̀kan. Nítorí rẹ̀ ni àwọn olùkọ́ yunifásítì ṣe ń kọjá ṣọ́ọ̀bù mẹ́ta kí wọ́n tó dé ibẹ̀. Bọ́láwárìn rò pé òun ni wọ́n ń wá wò.

Lọ́dún tó kọjá, ó ra ẹ̀rọ tó ń fi iná léésà fín nǹkan. Iná náà búlúù, kò nípọn ju abẹ́rẹ́ lọ, ó sì ń jó igi bí ẹni ń kọ̀wé. Ẹ̀rọ náà ní ìdérí aláwọ̀ ọsàn tó ń dáàbò bo ojú ẹni tó bá ń wò ó. Awò méjì aláwọ̀ ọsàn tún wà nínú páálí rẹ̀, wọ́n sì kọ ìkìlọ̀ gàdàgbà sí i pé ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ wo iná náà láìwọ awò yìí.

Bọ́láwárìn tú ìdérí kúrò, torí kì í jẹ́ kí fídíò tó ń gbé sórí íńtánẹ́ẹ̀tì mọ́lẹ̀. Ó gbé awò kan wọ̀, ó ya fọ́tò nínú ọkọ̀, ó fi sójú Wọ́sáàpù rẹ̀. Ó fún ọ̀rẹ́bìnrin rẹ̀ ní Bódìjà ní ìkejì. Lẹ́yìn náà ló lọ ra awò dúdú fún Adùnọlá ní Dùgbẹ̀, irú èyí tí wọ́n ń wọ̀ nínú oòrùn.

"Ọ̀gá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi mú ọ̀kan wá nínú èyí tó bá ẹ̀rọ wá," Adùnọlá bẹ̀ ẹ́.

"Awò ni awò ń jẹ́," ó dá a lóhùn. "Èyí tiẹ̀ tún dúdú jù ú lọ. Kí lo tún ń fẹ́?"

Nínú oṣù Kẹta, Adùnọlá ń fín orúkọ sára irin pẹlẹbẹ kan tó ń dán bíi dígí. Ó bẹ̀rẹ̀ mọ́ ọn kó lè rí àmì rẹ̀ dáadáa. Iná ta padà lára irin, ó wọ ojú òsì rẹ̀. Kò dùn ún. Ó kàn rí nǹkan kọ màn-à, ó sì rò pé yóò lọ. Lọ́sàn-án ló wọlé tọ̀ mí, ó ní kí n bá òun ka orúkọ náà, pé ibi tí òun bá tẹjú mọ́ gan-an ni nǹkan dúdú kan ń bò. Bọ́láwárìn gbọ́, ó ní kó wá omi ọyàn kán sí i bí àwọn wẹ́dà tó ń jó irin pọ̀ ṣe ń ṣe, kó sì padà sẹ́nu iṣẹ́. Ó ṣe mí bíi kí n tutọ́.

Mo fà á wọ takisí lọ sí ilé ìwòsàn ojú kan ní Ring Road. Dókítà Ẹnìtàn, ìyá àgbàlagbà kan, yẹ̀ ẹ́ wò títí.

"Ẹ̀yìn ẹyinjú lọ́hùn-ún ló ti jó, níbi tí a fi ń kàwé gan-an," ló sọ. "Ibẹ̀ kì í mọ ìrora. Kí lo wọ̀ sójú?"

Adùnọlá na awò dúdú náà sí i.

"Awò oòrùn lèyí. Kò lè dá iná yẹn dúró. Òkùnkùn rẹ̀ á tiẹ̀ mú kí ojú là sí i, iná á wá rí ọ̀nà gbòòrò wọlé. Irú iná léésà kọ̀ọ̀kan ló ní awò tiẹ̀, wọ́n á sì kọ ọ́ sí i lára. Ìdérí ẹ̀rọ sì gbọ́dọ̀ wà ní pípadé."

"Ṣé yóò padà bó ṣe wà, mà?"

"Ọmọ mi, kò sí oògùn tí mo lè fún ẹ tó máa dá a padà. Ó lè sàn díẹ̀. Ojú kan tó kù ni kó o máa ṣọ́."

Èmi ni mo sunkún nínú takisí. Adùnọlá ń fi ọwọ́ bo ojú kan lẹ́yìn èkejì, ó ń wo àkọlé àwọn ṣọ́ọ̀bù.

Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, a jọ wọ ṣọ́ọ̀bù Bọ́láwárìn. Ẹ̀rọ ń jó lọ láìní ìdérí, àwọn oníbàárà pagbo yí i ká, wọ́n ń ya fídíò. Adùnọlá kúnlẹ̀ kí i, ó sọ ohun tí dókítà wí, ó sì bẹ̀ ẹ́ pé kó dá ìdérí padà.

Bọ́láwárìn rẹ́rìn-ín. "Ṣebí ojú kan ṣì kù. Àwọn kan ń fi ojú kan wakọ̀."

Adùnọlá dìde, ó fa wáyà ẹ̀rọ yọ lára ògiri. Ó fi àtẹ́lẹwọ́ bo ojú ọ̀tún rẹ̀, ó sì ń wo Bọ́láwárìn.

"Kí lò ń wò?"

"Ọ̀gá, mò ń fi ojú tí ẹ fọ́ wò yín ni. Mo rí fìlà yín, mo rí etí yín méjèèjì. Ojú yín ni kò sí níbẹ̀."