Ohùn Ọkọ̀ Ojú Irin Tó Jóná Lọ́wọ́ Mi

Ọmọ ọdún méjìlélọ́gọ́ta ni mí nígbà tí mo sun bọ́ọ̀dù ohùn tó wà nínú ẹ́ńjìnnì ọkọ̀ ojú irin kékeré kan, ẹ́ńjìnnì náà kì í sì í ṣe tèmi. Mo ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ tíṣà ní ọdún méjì ṣáájú. Mo mọ ohun tí wọ́n ń pè ní ìbẹ̀rù ìdánwò, nítorí pé mo ti rí i lójú ọ̀pọ̀ ọmọ. N kò mọ̀ pé ó lè bá arúgbó nínú pálọ̀ ara rẹ̀.

Ẹ̀gbọ́n kan tó ti wa ọkọ̀ ojú irin fún nǹkan bí ọgbọ̀n ọdún ló ni ẹ́ńjìnnì náà. Nígbà tí ojú rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe bàìbàì, ọmọ rẹ̀ obìnrin fi í ránṣẹ́ sí i láti Amẹ́ríkà, pẹ̀lú irin tó ń rìn lórí rẹ̀. Àwọn kan máa ń pè é ní ohun ìṣeré ọmọdé. Kì í ṣe bẹ́ẹ̀. Bọ́ọ̀dù kan wà nínú rẹ̀ tí kò tóbi ju èékánná àtàǹpàkò méjì lọ. Òun ló ń darí ìrìn rẹ̀, òun náà ló sì ń mú un dún bí ẹ́ńjìnnì onídísẹ́ẹ̀lì tí ẹ̀gbọ́n wà nígbà ayé iṣẹ́ rẹ̀.

Ìgbẹ́sà ni ẹ̀gbọ́n ń gbé, àwọn oníná kò sì tíì ri òpó dé ọ̀dọ̀ wọn. Ìdí nìyẹn tí ọkọ̀ náà fi wà nílé mi ní Ilo-Awela, lórí tábìlì gígùn tí mo fi ń kọ́ àwọn ọmọ tó fẹ́ wọ yunifásítì. Ìgbà náà ni yunifásítì àti ṣọ́ọ̀ṣì ń gba ilẹ̀ oko lọ ní gbogbo agbègbè Ọ̀tà, ọmọ lẹ́sìnnì kò sì wọ́n mi. Ní gbogbo Sátidé, ẹ̀gbọ́n á gun ọ̀kadà wá, á jókòó, á di ojú, á máa gbọ́.

“Tíṣà,” ó sọ fún mi lẹ́ẹ̀kan, “ojú ti ń lọ. Etí ni mo fi ń ríran báyìí. Bá mi tọ́jú ẹ̀ o.”

Iná Amẹ́ríkà kò lágbára tó tiwa, nítorí náà ẹ̀rọ wúwo kan wà tó ń dín iná wa kù kí ó tó dé ọ̀dọ̀ ọkọ̀ náà. Ṣùgbọ́n ilé iṣẹ́ ńlá kan wà lẹ́yìn ọgbà wa. Bí àwọn ẹ̀rọ wọn bá ti ń ṣiṣẹ́, iná wa á lọ sílẹ̀, gílóòbù á máa ràn bí ojú ẹni tí oorun ń kùn. Ní ọ̀sán Tọ́sìdeè kan, mo fẹ́ dán ọkọ̀ náà wò, kò lè rìn rárá. Mo fi mítà wọn iná ara ògiri, ó lé díẹ̀ ní àádọ́fà fóòlùtì, nǹkan bí ìdajì iye tó yẹ kó jẹ́. Mo ronú pé: iye tí Amẹ́ríkà ń lò gan-an kọ́ nìyí? Kí wá ni mo tún ń dín kù sí? Mo yọ ẹ̀rọ adínákù náà, mo ki okùn iná ọkọ̀ náà bọ ara ògiri tààrà.

Ọkọ̀ náà rìn, ó fọn fèrè. Mo yin ara mi.

Kò tó ìṣẹ́jú mẹ́wàá tí ilé iṣẹ́ náà pa ẹ̀rọ wọn. Gílóòbù orí mi mọ́lẹ̀ lójijì bí oòrùn. Ọkọ̀ náà sáré bí ẹni tí ajá ń lé, ó han gooro, ó dákẹ́. Òórùn ike tó jóná kún pálọ̀. Mo sáré fà á yọ, mo sì gbá ife omi dànù.

“Ẹ pè é báyìí, kí ẹ sọ fún un,” ìyàwó mi wí.

“Ó di ọ̀la.”

Nígbà tí ọ̀la dé, n kò lè sọ ọ́. Sátidé ni mo tó pè é. “Ẹ̀gbọ́n, kò síná o. Tiransifọ́mà ti bàjẹ́, ẹ má yọ ara yín lẹ́nu.” Ó ní kò burú. Láti ọjọ́ náà, bí fóònù mi bá ti dún, mo máa ń kọ́kọ́ wo ẹni tó ń pè kí n tó gbé e.

Mo gbé ẹ́ńjìnnì náà lọ bá atúnrédíò-ṣe kan ní Sango, ọmọ Ọ̀ṣun tí ẹnu rẹ̀ kì í sinmi.

“Bàbá, irú èyí gan-an, wọn ò ṣe é mọ́. Àrọ́pò ni mo lè bá yín wá. Àbí kí n fi ohùn rédíò sí i, kó máa ka ìròyìn?”

N kò lè rẹ́rìn-ín. Mo wọn gígùn, ìbú àti gíga àyè inú rẹ̀, mo kọ iye iná tí mọ́tò rẹ̀ ń fà, mo fún un. Ní Sátidé kejì, mo tún parọ́ tiransifọ́mà. Ní Sátidé kẹta, èrò àpéjọ ńlá ṣọ́ọ̀ṣì kan dí ọ̀nà pa láti àárọ̀, ẹ̀gbọ́n kò lè jáde. Mo dúpẹ́ fún súnkẹrẹ-fàkẹrẹ ọkọ̀, ojú sì tì mí.

Bọ́ọ̀dù mẹ́ta ló dé. Èkíní kò ní ohùn rárá. Èkejì ń kùn nísàlẹ̀ dáadáa, ṣùgbọ́n fèrè rẹ̀ tín-ín-rín. Ẹ̀kẹta ní fèrè olóhùn méjì tí mo mọ̀, àmọ́ kíkùn rẹ̀ fúyẹ́. Mo fẹ́ so ó mọ́ sípíkà àtijọ́ inú ẹ́ńjìnnì náà, ọkùnrin náà pariwo.

“Ẹ dúró! Sípíkà yìí kì í ṣe ẹgbẹ́ ẹ̀. Ṣé ẹ fẹ́ sun èyí náà ni?”

Mo yọwọ́. Ó pààrọ̀ sípíkà. Mo yan ẹ̀kẹta. Ìbéèrè tí mo fi yàn án nìyí, kí Ọlọ́run dárí jì mí: èwo ni ẹ̀gbọ́n kò ní fura sí?

Ní Sátidé kẹrin, ó dé. Ó bọ́ fìlà, ó di ojú. Mo tan iná, ẹ́ńjìnnì bẹ̀rẹ̀ sí í kùn. Ẹ̀gbọ́n gbé ọwọ́ sókè.

“Pa á.”

“Ẹ jẹ́ kó fọn fèrè ná, ẹ̀gbọ́n.”

“Mo ní pa á. Tíṣà, ẹ́ńjìnnì ta nìyí?”

Mo jókòó, mo jẹ́wọ́ gbogbo rẹ̀, mo sì sọ pé fèrè ni mo fi yan bọ́ọ̀dù náà.

“Fèrè? Àwọn tó wà lẹ́bàá ọ̀nà ló ń gbọ́ fèrè. Èmi tí mo wà nínú ẹ̀, kíkùn ẹ̀ ni mò ń tẹ́tí sí. Bí ìyẹn bá yí padà, ẹ̀mí èrò ti wà nínú ewu nìyẹn.” Ó yíjú sí mi. “Sátidé àkọ́kọ́ tó o ní kò síná, mo ti dé ìyànà yín kó o tó pè. Mo ra omi tútù. Oníṣọ́ọ̀bù ní iná ò lọ látàárọ̀. Mo padà sílé. Mo rò pé ó ti sú ẹ láti máa rí mi ni.”

Nínú gbogbo ìbẹ̀rù ọ̀sẹ̀ mẹ́ta náà, n kò bẹ̀rù èyí rí. N kò ronú kàn án.

Ní Mọ́ńdè, àwa méjèèjì lọ sí Sango. Ẹ̀gbọ́n gbọ́ bọ́ọ̀dù kejì, ó ní òun nìyẹn.

“Bàbá, fèrè ẹ̀ dà bíi ti ewúrẹ́ o,” atúnrédíò-ṣe wí.

“Kó máa ké bí ewúrẹ́. Ìsàlẹ̀ ẹ̀ dáa.”

Ẹ̀gbọ́n kò dẹ́kun wíwá. Ṣùgbọ́n láti ìgbà náà, bó bá fẹ́ mọ̀ bóyá iná wà, ìyàwó mi ló máa ń pè.

Ẹ̀yin tí ẹ ń ka èyí, mo bẹ̀ yín, ẹ fi tèmi kọ́gbọ́n. Ẹ má fọkàn tán iná tó lọ sílẹ̀. Ó lè padà sókè nígbàkígbà. Bí ohun olóhun bá sì bàjẹ́ lọ́wọ́ yín, ẹ sọ fún un lọ́jọ́ náà gan-an, kí òun fúnra rẹ̀ lè yan àrọ́pò rẹ̀.