Ta Ni Yóò Dúró Nílé Dobrivoje?

Ẹgbẹ́ mẹ́rìnlá ni Vukoman ti gbá bọ́ọ̀lù alápẹ̀rẹ̀ fún láàárín ọdún méjìdínlógún, kò sì sí ọ̀kan nínú wọn tó fi àwòrán rẹ̀ kọ́ ara ògiri. Ẹ má rò pé kò mọ̀ ọ́n gbá o. Ó mọ̀ ọ́n. Ó ga ju mítà méjì lọ, apá rẹ̀ gùn, kì í bá ènìyàn jà, kì í sì í kọ iṣẹ́. Ṣùgbọ́n iṣẹ́ tirẹ̀ ni kí ó dúró bí ògiri, kí ọmọkùnrin tó mọ bọ́ọ̀lù gbá jù ú lọ lè gba ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ yọ, kí ó sọ bọ́ọ̀lù sínú àwọ̀n, kí gbogbo ilé sì máa pariwo orúkọ ọmọ náà. Irú àwọn Vukoman ni ẹgbẹ́ máa ń rà níbẹ̀rẹ̀ sáà bí ẹni ra ìgbálẹ̀. Tí sáà bá parí, wọ́n á gbàgbé rẹ̀ sẹ́yìn ilẹ̀kùn.

Ó ti Užice tí í ṣe ìlú wọn ní Serbia lọ sí Čačak, ó ti ibẹ̀ lọ sí Hungary, ó dé Kípírọ́sì, ó dé Bulgaria lẹ́ẹ̀mejì. Àpò kan ṣoṣo ló ń gbé kiri. Ó tilẹ̀ fẹ́ ìyàwó nígbà kan. Obìnrin náà tẹ̀ lé e dé ẹgbẹ́ kẹfà. Ìgbà tó gbọ́ ìkeje, ó ní òun fẹ́ lọ kí ìyá òun, kíkí yẹn ni ò sì tíì kí i tán dòní.

Ohun tí ẹnikẹ́ni ò mọ̀ ni ti orúnkún ọ̀tún rẹ̀. Ó ti ń dùn ún láti ọdún mọ́kànlá sẹ́yìn. Ẹni tó ń fi ẹsẹ̀ jẹun kì í pariwo pé ẹsẹ̀ ń dun òun. Bí dókítà ẹgbẹ́ bá tẹ̀ ẹ́ wò, á rẹ́rìn-ín. Bí ó bá délé, á ti ilẹ̀kùn, á di yìnyín mọ́ ọn, á gbé oògùn ìrora mì. Ó tilẹ̀ ti kọ́ bí ènìyàn ṣe ń gun àtẹ̀gùn láìtiro nígbà tí ojú bá ń wò ó.

Ìlú kékeré kan ní Romania ló wà ní ọdún tó pé ẹni ọdún mẹ́tàdínlógójì, nígbà tí àrùn rọpárọsẹ̀ kọ lu Dobrivoje, bàbá rẹ̀, nínú ọgbà èso rẹ̀ lórí òkè. Apá òsì kú, ẹsẹ̀ òsì kú. Desanka ìyá rẹ̀, tó máa ń pè é ní Vule, ló pè é lórí fóònù.

"Vule, bàbá rẹ ò lè dúró mọ́."

"Màmá, ẹ fara balẹ̀. Dókítà ní díẹ̀díẹ̀ ni okun á máa padà."

"Ta ló ń sọ ti dókítà? Mo ní kò lè dúró. Ta ni yóò dúró lọ́jọ́ Nikola Mímọ́?"

Lọ́dọ̀ wọn, ilé kọ̀ọ̀kan ló ní ẹni mímọ́ tirẹ̀, ọwọ́ bàbá sì ni ọmọkùnrin ti ń gbà á. Slava ni wọ́n ń pe ọjọ́ náà. Wọn kì í pe àlejò síbẹ̀, wọn kì í sì í lé àlejò. Ẹni tó bá mọ̀ yín á wá. Baálé ló ń bá àlùfáà di búrẹ́dì ẹni mímọ́ mú, òun ló ń bu ọtí, òun ló ń gbé oúnjẹ. Láti ìgbà tí àlejò àkọ́kọ́ bá wọlé títí tí ìkẹyìn yóò fi lọ, kò gbọdọ̀ jókòó. Baálé tó bá jókòó, ó ti ní kí àlejò máa lọ nìyẹn. Ọdún mẹ́rìnlélógójì ni Dobrivoje fi dúró bẹ́ẹ̀, ẹnikẹ́ni ò rí ìdí rẹ̀ lórí àga. Kò ní ọmọkùnrin mìíràn. Ilé tí kò bá sì sí ẹni tí yóò di búrẹ́dì mú, ọ̀rọ̀ kan ni àwọn ará òkè máa ń sọ nípa rẹ̀: fìtílà ti kú níbẹ̀.

Ọjọ́ kọkàndínlógún oṣù Kejìlá ni. Àárín sáà bọ́ọ̀lù gan-an ni. Láti ọdún méjìdínlógún, Vukoman ò tíì ṣe é nílé rí.

Ó lọ bá kóòṣì nínú yàrá tí wọ́n ti ń pààrọ̀ aṣọ. Ovidiu lorúkọ rẹ̀, Vukoman fi ọdún mẹ́ta jù ú lọ.

"Kóòṣì, ẹ jọ̀ọ́, ọjọ́ mẹ́ta péré. Ọjọ́ Nikola Mímọ́ tó ń bọ̀ yìí, mo gbọ́dọ̀ wà nílé."

"Bàbá Àgbà, Nikola wo? Ọjọ́ kẹfà oṣù yìí la ti ṣe tiwa. Ẹ̀yin ará Serbia sáà ń pẹ́ lẹ́yìn gbogbo ayé ni!"

Àwọn ọmọ ẹgbẹ́ bú sẹ́rìn-ín. Ẹnì kan ní, "Ẹ fi í sílẹ̀ jàre, ìgbà tí bọ́ọ̀lù bá ti wọlé tán lòun náà máa ń fò!" Vukoman náà rẹ́rìn-ín. Ṣùgbọ́n ojú kóòṣì ti yí padà.

"Ọjọ́ yẹn la ní ìdíje. Ẹ̀yin ọkùnrin gíga tó kù fún mi ò ju méjì lọ, ọwọ́ ìkejì sì ti kán. Tó o bá lọ, má padà wá."

Ó ronú fún ọjọ́ méjì. Bó bá lọ, ta ni yóò tún gba ẹni ọdún mẹ́tàdínlógójì sí ẹgbẹ́? Bí kò bá lọ, ta ni yóò dúró? Ibẹ̀ ló ti wá rántí pé bí ẹsẹ̀ bá ń dun ẹnì kan, wọ́n máa ń ní kó lọ sinmi fún bí ọjọ́ mẹ́ta mẹ́rin. Òtítọ́ tó ti ń gbé pamọ́ láti ọdún mọ́kànlá, òun ló wá fà yọ láti fi parọ́.

Ó tiro lọ bá Ileana, dókítà ẹgbẹ́. Ó rò pé obìnrin náà á tẹ orúnkún lásán, á kọ ìwé lé e lọ́wọ́. Àṣé kì í ṣe irú dókítà bẹ́ẹ̀. Ó ní kó lọ sùn sábẹ́ ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń wo inú ara. Lọ́jọ́ kejì, ó pè é, ó sì gbé àwòrán náà síwájú rẹ̀.

"Vukoman, ta ló ń gbé ọ rìn?"

"Ẹ dákun, ẹ ṣáà fún mi ní ọjọ́ mẹ́ta."

"Ọjọ́ mẹ́ta kẹ̀? Eegun ló ń lọ eegun níbí. Èyí kì í ṣe ọ̀rọ̀ àná. Mi ò lè fọwọ́ sí i kí o tún fò lẹ́ẹ̀kan sí i."

"Mo parọ́ ni o, Dókítà. Mo fẹ́ lọ sílé ni. Kò dùn mí rárá."

"Ó dáa. Fi ẹsẹ̀ ọ̀tún nìkan lóṣòó, kí o dìde."

Ó lóṣòó. Ìdìde ni ò ṣeé ṣe. Etí tábìlì obìnrin náà ló gbá mú. Ileana wo ojú fèrèsé kó má baà máa wò ó.

Ọ̀sán ọjọ́ yẹn náà ni ẹgbẹ́ fòpin sí ìwé àdéhùn rẹ̀. Ovidiu bọ̀ ọ́ lọ́wọ́, kò sì ṣe àwàdà kankan. Gbogbo ohun tó sọ ni pé, "Ẹ̀gbọ́n, ẹ ò bá ti sọ fún wa." Ọjọ́ àkọ́kọ́ tó pè é ní ẹ̀gbọ́n nìyẹn.

Ó wọ bọ́ọ̀sì, ó sọdá sí Serbia, ó na ẹsẹ̀ sí ojú ọ̀nà inú bọ́ọ̀sì nítorí kò ká mọ́. Ìyá arúgbó kan fẹ́ kọjá.

"Ìwọ òpó iná yìí, ká ẹsẹ̀ rẹ jọ!"

"Kò ká mọ́, Màmá."

"Ta ló ṣe é báyìí?"

"Èmi fúnra mi ni."

Ìyá náà ká yẹ̀rì rẹ̀ sókè, ó rọra dá ẹsẹ̀ náà kọjá.

Ó délé. Ó ní wọ́n fún òun láyè ni.

Lọ́jọ́ Nikola Mímọ́, yìnyín ti bo òkè. Wọ́n gbé Dobrivoje sórí àga lẹ́gbẹ̀ẹ́ ààrò. Àlùfáà dé, ènìyàn kúkúrú ni; òun àti Vukoman di búrẹ́dì mú láti yí i po.

"Rẹ ara rẹ sílẹ̀, ọmọ mi. Mi ò gbé àkàbà wá o."

Ó tẹ orúnkún náà. Ó dùn ún dé eyín. Wọ́n yí búrẹ́dì, wọ́n da wáìnì sí i, wọ́n bù ú sí méjì. Ètè Dobrivoje ń mì pẹ̀lú àdúrà, omi sì ń bọ́ lójú ẹ̀gbẹ́ tó kú àti èyí tó yè.

Àlejò bẹ̀rẹ̀ sí í ya wọlé. Radisav, aládùúgbò wọn, ló kọ́kọ́ dé.

"Háà, Vule! Wọ́n ti lé ọ ni?"

"Gba ọtí, Radisav, kí ẹnu rẹ lè ríṣẹ́ ṣe."

Gbogbo ilé rẹ́rìn-ín. Àwọn kan jẹ ẹja àti ẹ̀wà tán, wọ́n lọ, àwọn mìíràn dé. Vukoman ń bu, ó ń gbé, ó ń dúró. Nígbà tó fi di aago méjì, orúnkún ti wú débi tí ṣòkòtò fi há mọ́ ọn. Ìyá rẹ̀ fà á wọ ilé ìdáná, ó fi ẹsẹ̀ ti àpótí kan sí i.

"Jókòó síbí, kò sẹ́ni tó máa rí ọ."

"Ẹni mímọ́ rí mi, Màmá." Ó gbé àwo ẹja, ó jáde.

Ìgbà tí ilẹ̀ ń ṣú lọ, ilé dá. Dobrivoje fi ọwọ́ ọ̀tún pè é. Ọ̀rọ̀ rẹ̀ ti wúwo lẹ́nu, ṣùgbọ́n ó já gaara.

"Ìgbà wo lò ń padà?"

"Mi ò padà mọ́, Bàbá. Wọ́n ti rí orúnkún mi." Ó sọ bó ṣe jẹ́, kò fi èyíkéyìí pa mọ́.

Dobrivoje wo orúnkún náà. Lẹ́yìn náà ló ní, "Ọdọọdún ni mo máa ń jókòó."

"Kí lẹ wí?"

"Lẹ́yìn ilé, lórí igi ìdáná. Ìṣẹ́jú díẹ̀. Bàbá mi náà máa ń ṣe é. Ó yẹ kí n ti sọ fún ọ, ìwọ ni o kì í sí nílé." Ó fi ọ̀pá tọ́ka àga. "Jókòó, Vule."

Vukoman jókòó. Ó na ẹsẹ̀ náà gbọọrọ, ó di ojú, ó mí kanlẹ̀. Kò tíì mí ẹ̀ẹ̀kejì tí ajá fi gbó lóde. Opó kan láti ìsàlẹ̀ òkè ni, ó ti fi ọ̀pá gun inú yìnyín bọ̀, ó sì ń gbọn bàtà lẹ́nu ọ̀nà.

"Ṣé mi ò ti pẹ́ jù báyìí? Ṣé ẹ ṣì ń gba àlejò?"

Bàbá wo ọmọ. Vukoman gbá tábìlì mú, ó dìde.

"Ẹ wọlé, Màmá," ó ní. "Ẹ̀yin là ń retí."