Olùwòsàn Tí Kò Wo Ẹnikẹ́ni Sàn

Ọkùnrin náà kọ́ ló yan iṣẹ́ nọ́ọ̀sì fún ara rẹ̀. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ obìnrin ló yàn án fún un. Nígbà tí ìyá wọn kú, ẹ̀gbọ́n yìí bẹ̀rẹ̀ sí í jó irin, ó ń ṣe géètì àti irin ojú fèrèsé, òun náà ló sì kó àbúrò rẹ̀ sọ́dọ̀. Ó bọ́ ọ, ó rán an lọ sí iléèwé, nígbà tó sì tó àkókò láti mọ iṣẹ́ tí yóò kọ́, kò bi í léèrè. Ó ní níwọ̀n ìgbà tí ara ènìyàn kì í ti í ṣe irin, àìsàn kò ní tán, wọn yóò sì máa wá nọ́ọ̀sì. Ọ̀rọ̀ parí síbẹ̀.

Ká má parọ́ mọ́ ọn, ó mọ iṣẹ́ náà. Wọ́ọ̀dù àwọn tí eegun wọn ṣẹ́ ló ti ń ṣiṣẹ́. Bí wọ́n bá gbé ẹni tí itan rẹ̀ ti kán wọlé, òun ló ń yí i lórí bẹ́ẹ̀dì, òun ló ń pààrọ̀ aṣọ lábẹ́ rẹ̀ láìjẹ́ kó lọgun. Ohun tó ń dùn ún ni pé kò sẹ́ni tó ń rí i. Àwọn ará ilé aláìsàn á dúpẹ́ lọ́wọ́ dókítà tó yọjú fún ìṣẹ́jú kan, wọn á wá kọjú sí òun, wọn á ní póò ti kún. Àwọn kan ń pè é ní nọ́ọ̀sì onírùngbọ̀n, wọn á sì máa rẹ́rìn-ín. Òun náà á rẹ́rìn-ín, ẹ̀rín tí kò dénú. Kó tó di ọjọ́ Àìkú, ìbínú gbogbo ọ̀sẹ̀ á ti kún un dé ọ̀fun.

Ọ̀sán ọjọ́ Àìkú yìí gan-an ló máa ń lọ sílé ẹ̀gbọ́n rẹ̀ láti gbá géèmù. Ọkọ ẹ̀gbọ́n rẹ̀, tí ó ń pè ní Bọ̀dá, ló gbé géèmù náà wálé. Bọ̀dá ń kọ́ àwọn ènìyàn ní mọ́tò wíwà. Ènìyàn jẹ́jẹ́ ni, kò kọ ọ̀rọ̀ sí ẹnikẹ́ni lẹ́nu: ẹni tó bá sọ̀rọ̀ kẹ́yìn ló máa ń gbè lẹ́yìn. Wọ́n gbé kọ̀ǹpútà mẹ́ta sórí tábìlì ìjẹun, wọ́n fi wáyà so wọ́n pọ̀, àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta á sì jọ wọ ìlú inú géèmù náà, ìlú tó kún fún iwin, òmìrán àti dírágónì.

Kí ènìyàn tó wọ ìlú yìí, ó gbọ́dọ̀ yan iṣẹ́. Iṣẹ́ mẹ́rin péré ló wà nínú ẹ̀dà àkọ́kọ́, èyí tí wọ́n ní nílé: jagunjagun, oṣó, ọlọ́fà àti olùwòsàn. Jagunjagun ń gbé idà àti asà, òun ló ń ṣíwájú. Oṣó ń dúró lókèèrè, ó ń ju iná. Ọlọ́fà ń ta ọfà láti ibi tó sá pa mọ́ sí. Olùwòsàn ní tirẹ̀ ń tọ̀ wọ́n lẹ́yìn tòun ti ọ̀pá lásán. Bí wọ́n bá ti ṣá jagunjagun lọ́gbẹ́, kó yára na ọ̀pá sí i kí ara rẹ̀ lè yá. Kò lè lu ẹnikẹ́ni. Ajá lásánlàsàn tó ń rìn kiri inú géèmù yẹn lè pa á. Iṣẹ́ tí ènìyàn bá sì ti yàn, ó ti yàn án nìyẹn. Kò sí pé mo fẹ́ ṣe òmíràn.

Lọ́jọ́ tí wọ́n kọ́kọ́ bẹ̀rẹ̀, kí ọkùnrin náà tó jókòó dáadáa, ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ti na ọwọ́ gba iwájú rẹ̀ kọjá, ó ti bá a tẹ olùwòsàn. Ó ní iṣẹ́ tó mọ̀ nìyẹn. Òun alára mú jagunjagun, ó ní kí ọkọ òun máa ṣe oṣó. Àbúrò kò fọhùn. Ó lé lọ́dún méjì tí kò fọhùn.

Àǹtí, bó ṣe ń pe ẹ̀gbọ́n rẹ̀, ń gbá géèmù bó ṣe ń jó irin. Ó ń tẹ̀ síwájú, kì í wẹ̀yìn. Á kó ara rẹ̀ sáàárín àwọn òmìrán, á máa gé wọn lápá gé wọn lẹ́sẹ̀, ẹnu rẹ̀ kò sì ní dákẹ́: wò mí, wò mí, ṣé o ti sùn ni, ṣé bí o ṣe ń ṣe fún wọn lọ́sibítù náà nìyí? Bí wọ́n bá ṣẹ́gun, òun ló pa dírágónì. Bí wọ́n bá kú, olùwòsàn ló fà á.

Ní ọjọ́ Àìkú kan, nọ́ọ̀sì yìí ti ibi iṣẹ́ bọ̀ tààrà. Ọkùnrin kan tí ẹsẹ̀ rẹ̀ kán ti ju ife omi lù ú láàárọ̀ ọjọ́ yẹn, nítorí pé kò jẹ́ kó dìde dúró. Àyà aṣọ iṣẹ́ rẹ̀ kò tíì gbẹ tán nígbà tó wọ pálọ̀. Ẹ̀dà tuntun géèmù náà wà nínú báàgì rẹ̀. Ó ti ka gbogbo ohun tí wọ́n sọ nípa rẹ̀: iṣẹ́ tó wà níbẹ̀ ju ìlọ́po méjì ti àtijọ́ lọ, ènìyàn sì lè fi ọ̀kan sílẹ̀ kó mú òmíràn nígbà tó bá wù ú. Ó gbé e kalẹ̀ sórí tábìlì.

"Àǹtí, ẹ jẹ́ ká gbé ẹ̀dà tuntun sórí àwọn ẹ̀rọ yìí. Mo fẹ́ máa ṣe jagunjagun."

Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ kò gbójú kúrò lójú kọ̀ǹpútà. "Ta ló máa wá máa wò wá?"

"Ẹni tó bá wù."

"Kò wu ẹnikẹ́ni. Ìdí tí a fi fún ọ nìyẹn."

Ó ṣeé ṣe kó má mọ ohun tó sọ. Ó ṣáà ń bá ọ̀rọ̀ rẹ̀ lọ. Ó ní òun ti rí ẹ̀dà tuntun yẹn nílé oníbàárà òun kan, ó rí wúruwùru, àwọ̀ inú rẹ̀ dà bí aṣọ ọmọ jòjòló, àwọn tí kò mọ ohun tí wọ́n ń fẹ́ láyé ni wọ́n ṣe é fún. Bọ̀dá ní òótọ́ ni, ti àtijọ́ dára. Nọ́ọ̀sì ní kò sí ohun tó ṣe ti tuntun. Bọ̀dá ní òótọ́ ni, ti tuntun náà kò burú. Tẹ̀gbọ́n tàbúrò wá jọ wò ó tẹ̀gàntẹ̀gàn.

Ẹ̀dà àtijọ́ náà ni wọ́n gbá. Wọ́n dé orí afárá tí dírágónì ń ṣọ́, Àǹtí sì kó wọ inú iná bí ìṣe rẹ̀. Ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ ń lọ sílẹ̀. Ó ní kó wo òun. Àbúrò rẹ̀ gbé ọwọ́ méjèèjì kúrò lórí bọ́tìnnì, ó ká wọn mọ́ àyà rẹ̀ tó tutù, ó ń wòran. Jagunjagun ṣubú. Oṣó sá díẹ̀, òun náà ṣubú. Dírágónì wá yíjú sí olùwòsàn tó dúró tòun ti ọ̀pá rẹ̀, ó sì gbé e mì.

"Ọwọ́ rẹ ńkọ́?" Àǹtí béèrè.

"Òun nìyí."

Àǹtí dìde. Ohùn rẹ̀ kò lọ sókè, èyí tó burú ju ariwo lọ. Ó pè é ní aláìmoore. Ó ka oúnjẹ tó jẹ, ó ka bàtà tó wọ̀ lọ sí iléèwé, ó ka àwọn ọjọ́ tí iná wẹ́dà wọ òun lójú tí òun ń fi omi tútù bọ́jú kí òun lè padà sídìí iṣẹ́. Àbúrò jókòó, ó jẹ́ kó kà á tán.

"Ẹ tọ́ mi, ẹ ṣeun," ó ní. "Ṣùgbọ́n ẹ ò bi mí léèrè rí ohun tí mo fẹ́. Kì í ṣe ti géèmù nìkan."

"Ta ló bi èmi náà?" ni ìdáhùn ẹ̀gbọ́n rẹ̀. "Ṣé o rò pé irin ni mo fẹ́ jó? Ìwé ni mò ń kà tí wọ́n fi gbé ọ lé mi lọ́wọ́."

Kò sọ ọ́ rí. Ká ní ọjọ́ mìíràn ni, ọ̀rọ̀ yẹn ì bá ti mú àbúrò rẹ̀ rọ̀. Ṣùgbọ́n inú tó ń bí i lọ́jọ́ yẹn kò jẹ́ kó lè gba nǹkan kan sétí. Ohun tó gbọ́ ni pé ẹrù ni òun. Ó tú wáyà, ó gbé kọ̀ǹpútà rẹ̀ sí abíyá, ó jáde láì kí wọn.

Nínú yàrá tó yá gbé, ó gbé ẹ̀dà tuntun sórí ẹ̀rọ, ó sì sọ ara rẹ̀ di jagunjagun. Kò mọ̀ ọ́n ṣe rárá. Ibi tó yẹ kó fi asà bo ara, ó ń sáré wọ̀ ọ́. Ìkookò pa á, olè pa á, ó jábọ́ sínú kànga. Síbẹ̀, bó bá ti jí dìde, á tún gbé idà, á tún sáré lọ, kò sì sí ẹni tó ń pè é láti ẹ̀yìn pé kó wá wo òun.

Àǹtí ní tirẹ̀ sọ ọkọ rẹ̀ di olùwòsàn. Ìyẹn tún wá ba ọ̀rọ̀ jẹ́. Bọ̀dá á kọ́kọ́ béèrè bóyá kí òun wò ó báyìí tàbí kó ṣì ní sùúrù. Kó tó rí ìdáhùn, jagunjagun á ti kú. Nígbà tí ojoojúmọ́ di ìjà, Bọ̀dá wá bá àna rẹ̀ lẹ́nu géètì ọsibítù, ó bẹ̀ ẹ́ pé kó wá, pé ìyàwó òun ti gbà kí wọ́n lo ẹ̀dà tuntun. Ó ní òun kò rí oorun sùn mọ́ nínú ilé òun.

Àbúrò lọ. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ dáhùn ìkíni rẹ̀ láì gbórí sókè. Wọ́n so wáyà, wọ́n ṣí ẹ̀dà tuntun, gbogbo iṣẹ́ tó wà níbẹ̀ sì tò síwájú wọn: adarí-ẹranko, onílù-ogun, apẹja, oríṣiríṣi. Àǹtí wò wọ́n lọ wò wọ́n bọ̀, ó ṣe ṣíọ̀, ó tẹ jagunjagun. Àbúrò rẹ̀ tẹ jagunjagun. Àwọn méjèèjì yíjú sí Bọ̀dá, wọ́n ń dúró. Òógùn bo ọkùnrin náà níwájú orí. Ó na ìka síbi olùwòsàn, ó gbé e kúrò, ó sì tẹ jagunjagun.

Wọn kò kọjá ẹnubodè ìlú. Ẹ̀ṣọ́ kan ṣoṣo ló pa àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta.

"Ṣé inú rẹ dùn báyìí?" Àǹtí bi àbúrò rẹ̀.

"Inú mi dùn."

Òótọ́ ló sọ, ẹ̀gbọ́n rẹ̀ sì mọ̀ pé òótọ́ ni. Ó fa wáyà iná yọ lára ògiri, gbogbo ẹ̀rọ náà sì kú lẹ́ẹ̀kan náà. Ó ní ẹ̀dà àtijọ́ ni wọn yóò máa gbá nínú ilé òun, ẹni tí kò bá tẹ́ lọ́rùn mọ ọ̀nà ìta. Bọ̀dá bá àna rẹ̀ gbé wáyà dé ẹnu ọ̀nà. Ó wẹ̀yìn wo pálọ̀, ó wá sọ wẹ́lẹ́wẹ́lẹ́ pé idà yẹn dùn ún gbá mú. Àna rẹ̀ ní kó máa bọ̀ lọ́dọ̀ òun lọ́jọ́ Sátidé.

Bọ̀dá ń lọ títí di òní. Ìyàwó rẹ̀ mọ̀, kì í sì í bá a sọ̀rọ̀ ní gbogbo ọjọ́ Sátidé. Bí ọ̀rọ̀ ẹbí bá kan òun àti àbúrò rẹ̀, ó máa ń pè é lórí fóònù, á sọ èyí tó bá pọn dandan, á sì gbé e sílẹ̀ kó tó fèsì.

Bọ̀dá ló wá sọ bí Àǹtí ṣe ń gbá géèmù lọ́jọ́ Àìkú. Ó ti gbé kọ̀ǹpútà méjì sí ẹ̀gbẹ́ ara wọn. Ó ń fi ọwọ́ ọ̀tún jagun lórí ọ̀kan, ó ń fi ọwọ́ òsì wo ara rẹ̀ sàn lórí èkejì, kò sì bẹ ẹnikẹ́ni. Nọ́ọ̀sì béèrè bóyá ó ń kú dáadáa. Bọ̀dá ní rárá, kò kú tó ti tẹ́lẹ̀. Inú bí nọ́ọ̀sì débi pé kò lè gbá géèmù mọ́ lọ́jọ́ yẹn.