Irọ́ Tí A Pa fún Ìyá Abidjan

Nígbà tí mo ṣì kéré, tí ẹsẹ̀ mi kì í mọ bàtà àfi lọ́jọ́ ọdún, kò sí ẹni tó mọ irọ́ pa tó èmi àti Ràfíátù ẹ̀gbọ́n mi ní gbogbo Djègan-Kpèvi, àdúgbò wa ní Àjàṣẹ́. Ẹ̀yin ẹgbẹ́ mi tí ẹ dàgbà ní Àjàṣẹ́, ẹ má wulẹ̀ rẹ́rìn-ín. Ẹ̀yin náà pa tiyín.

Ní ìsinmi kan, àbúrò bàbá màmá wa obìnrin dé láti Abidjan. A ò rí i rí. Faransé rẹ̀ dùn létí, lọ́fíńdà rẹ̀ sì gba gbogbo ilé. Màmá ní kí a bá a rìn. Àwa gbọ́ ọ bíi pé kí a fi ìlú hàn án.

A ò kúkú mọ nǹkan kan. Odò ilẹ̀ Faransé ni wọ́n ń kọ́ wa níléèwé. Nígbà tí Ìyá Abidjan yìí bi wá léèrè ìdí tí mọ́ṣáláṣí ńlá fi jọ ṣọ́ọ̀ṣì, Ràfíátù dáhùn wéré:

"Ṣọ́ọ̀ṣì ni tẹ́lẹ̀, ìyá. Wọ́n fi ta ayò, àwọn Mùsùlùmí ló borí."

Ìyá mi orí, ó ra àkàrà gbígbóná fún wa. Àṣé irọ́ lè di àkàrà! Ní ààfin, mo ní omi àgbọn ni ọba fi ń wẹ̀. Ó ra ọsàn. Létí ọ̀sà, Ràfíátù ní ẹja ibẹ̀ máa ń dá ẹni tó bá fi èdè Gùn pè é lóhùn. Ó ra ẹ̀pà.

A dé iwájú ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì kan, ilé àwọn Àgùdà tó ti Brésil padà dé, tí ọ̀dà ara rẹ̀ ti ń ṣí. Mo ní ẹlẹ́dẹ̀ ni wọ́n ń sìn níbẹ̀. Ìyá gbé ọwọ́ lé ilẹ̀kùn, ó dúró pẹ́. A rò pé ó ti rẹ̀ ẹ́ ni. Kò ra nǹkan kan.

Nídìí oúnjẹ ìrọ̀lẹ́, ó ro gbogbo rẹ̀ fún Màmá, kò fo ọ̀kan.

Màmá lanu. "Tàǹtí, ṣebí ilé yẹn ni wọ́n bí yín sí?"

"Òun ni. Yàrá òkè."

Màmá ti ń wá pàṣán, ṣùgbọ́n ìyá dá a dúró. "Fi wọ́n sílẹ̀. Wọ́n jẹ àkàrà mi, èmi náà jẹ irọ́ wọn. Lọ́la, òótọ́ la máa jẹ."

Lọ́jọ́ kejì, ọ̀nà kan náà la tún tọ̀, kò sí àkàrà. Ó ní àwọn Àgùdà Mùsùlùmí ló kọ́ mọ́ṣáláṣí náà, bí wọ́n ṣe ń kọ́ ṣọ́ọ̀ṣì ní Brésil. Níwájú ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì náà, ó fi fèrèsé onígi tí bàbá rẹ̀ káfíńtà gbẹ́ hàn wá. Ó ní ìyá rẹ̀ ń tan àbẹ́là Kérésìmesì, ẹ̀gbọ́n ìyá rẹ̀ ń gba ààwẹ̀, nínú ilé kan náà. Ní gbogbo oríta, ó ní ká tún un sọ. Ẹni tó bá ṣì í á fò bí ọ̀pọ̀lọ́. Ràfíátù fò títí àwọn ọlọ́jà fi ń pàtẹ́wọ́.

Lónìí, Tokpota là ń gbé, ní Àjàṣẹ́ kan náà. Bí mo bá bi àwọn ọmọ mi ní nǹkan nípa ìlú, fóònù ni wọ́n ń yọ, ìdáhùn á sì dé wéré. Láìpẹ́ yìí, àlejò kan wá, mo ní kí àbígbẹ̀yìn mi bá a rìn ká Àjàṣẹ́. Ó pe zémìjan fún un. Àlejò gun ọ̀kadà lọ, ọmọ mi padà sídìí fóònù. Kò tilẹ̀ pa irọ́ kan ṣoṣo fún un.