Rákẹ́ẹ̀tì Tí Mo Fi Wáyà Rán

Ilẹ̀ ò tíì mọ́ tí mo fi wọ ọkọ̀ Oǹdó ní Àkúrẹ́, ẹgbẹ̀rún méjì náírà, èrò mẹ́ta lẹ́yìn, méjì níwájú. Rákẹ́ẹ̀tì tẹ́níìsì ọmọ mi, Títí, ni mo fi aṣọ wé tí mo gbé lé itan. Ó ti sán létí, ọ̀la sì ni ọmọ náà máa díje kí wọ́n tó mú àwọn tí yóò gbá fún ìpínlẹ̀ wa. Ọkàn mi balẹ̀ pẹ̀sẹ̀. Igbá tó bá fọ́ ló ń gba kàsẹ́: ní ìrọ̀lẹ́ àná, nígbà tí Títí lọ sípàdé ọ̀dọ́ ní ṣọ́ọ̀ṣì, mo lu ihò mẹ́rin sẹ́gbẹ̀ẹ́ ibi tó sán, mo sì fi wáyà rán an bí ìyá mi ṣe máa ń rán igbá. Ó ku kí wọ́n so okùn tuntun sí i.

Igbó kòkó lọ́tùn-ún, igbó kòkó lósì, kòtò láàárín. Dẹ́rẹ́bà wò mí nínú díńgí.

"Bọ̀ọ̀dá, kí lẹ gbé mọ́ra bí ọmọ tuntun?"

"Rákẹ́ẹ̀tì ni. Mo ti tún un ṣe."

"Ẹ ò kúkú gbé e fún wẹ́dà?"

"Kí ni wẹ́dà fẹ́ ṣe tí mi ò tíì ṣe?"

Ní Oǹdó, ọ̀kadà gbé mi dé ilé Bàbá Tíṣà, ẹni tó ti fẹ̀yìn tì tó ń so okùn rákẹ́ẹ̀tì ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ rẹ̀. Èdè Oǹdó ló ń sọ sí ìyàwó rẹ̀. Àwa ará Àkúrẹ́ kì í gbọ́ ju ìdajì lọ. Ó tú aṣọ náà. Ó fi ẹyọ owó kọ́bọ̀ gbá etí rákẹ́ẹ̀tì náà jẹ́jẹ́ yíká: ó ń dún ganran, àfi ibi tí mo rán, tó dún bí igi tó ti jẹrà.

"Ta ló lu ihò sí i?"

"Èmi ni, sà."

"Irin kọ́ nìyí o." Ó mú aṣọ dúdú kan tó ń dán jáde. "Kábọ̀n bí èyí ni wọ́n fi ṣe é. Òwú rẹ̀ tín-ín-rín ju irun orí lọ. Wọ́n á tò ó lórí ara wọn, wọ́n á fi gọ́ọ̀mù rẹ ẹ́, wọ́n á sì fi iná mú un le. Àwọn kan ń pè é ní gráfáìtì."

"Gráfáìtì inú pẹ́ńsù?"

"Ìdílé kan náà ni wọ́n. Ṣùgbọ́n ti pẹ́ńsù a máa ṣí dànù. Inú òwú gígùn ni agbára tèyí wà. Ká ní ó kàn sán ni, ǹ bá lẹ aṣọ yìí mọ́ ọn. Ṣùgbọ́n ihò tẹ́ ẹ lu ti gé òwú náà. Bí mo bá fa okùn sí i, fífọ́ ni yóò fọ́."

Ojú tì mí gan-an. Iyán tí ìyàwó rẹ̀ gbé wá kúná ju tilé wa lọ, síbẹ̀ òkèlè méjì péré ni mo jẹ. Bàbá yá mi rákẹ́ẹ̀tì alumíníọ́ọ̀mù tirẹ̀. "Ó wúwo, ó sì máa ń gbọ̀n dé apá," ló wí, "ṣùgbọ́n yóò gbá bọ́ọ̀lù."

Ohun tí ìrìn àjò yìí kọ́ mi ni pé kí n mọ ohun tí wọ́n fi ṣe nǹkan kí n tó gbé irinṣẹ́ sí i. Oòrùn ò tíì wọ̀ tí mo fi délé. Títí wà lẹ́nu ọ̀nà.

"Títí, èmi ni mo ba rákẹ́ẹ̀tì ẹ jẹ́."

"Mo mọ̀, Bàámi. Mo ti tú aṣọ yẹn wò lálẹ́ àná."

"Kí ló dé tí o ò sọ̀rọ̀?"

"Inú yín ń dùn jù." Ó gba èyí tí mo gbé bọ̀, ó fì í lẹ́ẹ̀mejì, ó sì na bọ́ọ̀lù sí mi. "Ẹ máa jù ú sí mi. Ọwọ́ mi gbọ́dọ̀ mọ eléyìí kílẹ̀ tó ṣú."