Ẹrù Tí A Kò Tíì Pín

Ọjọ́ àkọ́kọ́ tí ìjọba gbé mi wá sí ilé oògùn wọn ní Ìgbókòdá, ìjà ni mo bá. Àwọn mẹ́ta tí wọ́n wọ àwọ̀lékè funfun ń fa páálí dírípù kan mọ́ ara wọn lọ́wọ́ ní ṣọ́ọ̀bù olóògùn. Olóògùn jókòó jẹ́ẹ́, ó ń wò wọ́n. Kò bínú rárá. Bí ọ̀kan bá ti ní òun yóò san jù bẹ́ẹ̀ lọ, ńṣe ni yóò rẹ́rìn-ín músẹ́, yóò sì yíjú sí èkejì. Ẹgbẹ́ oníṣègùn mẹ́ta ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni wọ́n ti wá, gbogbo wọn ló wá ṣàánú wa, aláìsàn ìlú omi kan náà ni wọ́n sì ń rajà fún. Mo dúró lẹ́nu ọ̀nà, mo sọ nínú ara mi pé bí àánú bá ń lọ báyìí, ọkùnrin yìí yóò fi kọ́ pẹ̀tẹ́ẹ̀sì.

Ìgbà ìjà inú odò ni. Àwa Ìlàjẹ àti àwọn aládùúgbò wa tí a ti jọ ń pẹja tipẹ́tipẹ́ ti kọjú ìjà síra wa. Mi ò ní sọ ẹni tó kọ́kọ́ ṣe kí ni, nítorí kálukú ló ní ìtàn tirẹ̀, àti pé lónìí a ti padà ń ta ẹja fún ara wa. Wọ́n sun ilé níhìn-ín, wọ́n sun ilé lọ́hùn-ún, àwọn èèyàn sì sá kó sí ilé ẹ̀kọ́ àti ṣọ́ọ̀ṣì. Ibi tí èèyàn bá ti pọ̀ ju omi mímu lọ, onígbáméjì kì í pẹ́ dé ibẹ̀. Àwọn ará òkè máa ń rò pé omi kò lè wọ́n wa, nígbà tó jẹ́ pé omi ló yí wa ká. Omi iyọ̀ ni o. Èyí tí à ń mu, rírà ni à ń rà á, inú dúrọ́ọ̀mù ló sì ń bá ọkọ̀ wọ̀lú. Ẹni tí onígbáméjì bá mú, yóò máa bì, yóò máa ṣu, títí omi ara rẹ̀ yóò fi gbẹ. Bí dírípù bá tètè kàn án lára, ó lè dìde kó béèrè oúnjẹ lọ́jọ́ kejì. Bí kò bá tètè kàn án, ẹ jẹ́ ká fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀.

Ìjà ṣọ́ọ̀bù yẹn dé etí àwọn ọ̀gá wọn, ojú sì tì wọ́n. Wọ́n pinnu pé láti ìsinsìnyí lọ, àjọrà ni wọn yóò máa ṣe: dírípù, oògùn, ibọ̀wọ́, epo bẹntiróòlù, omi mímu, gbogbo rẹ̀ ni ẹnì kan yóò máa rà fún ẹgbẹ́ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Èmi ni wọ́n mú. Mo ti ń tọ́jú ilé oògùn ìjọba fún ọdún pípẹ́, ọmọ omi sì ni mí, mo mọ ọjà, mo mọ odò. Wọ́n fún mi ní orúkọ oyè kan tó gùn ju ọkọ̀ ojú omi lọ. Àwọn ọlọ́jà ò lákòókò fún un, Alájọrà ni wọ́n ń pè mí.

Bí ẹ bá bi mí ibi tí mo ti kọ́ àjọrà, mi ò kọ́ ọ níléèwé. Ọ̀dọ̀ Ìyá Bọ́sẹ̀ ni mo ti kọ́ ọ, àgbà obìnrin ẹlẹ́ja tí mo ń bá ru agbọ̀n nígbà tí mo wà lọ́mọdé. Yìnyín ni àwọn ẹlẹ́ja fi ń tọ́jú ẹja, láti òkè ni ọkọ̀ akẹ́rù sì ti ń gbé e wá ní búlọ́ọ̀kù ńláńlá. Kò sí obìnrin tó lè dá ẹrù ọkọ̀ kan rà, nítorí náà wọn a dáwó jọ rà á, wọn a fi lẹ́búlẹ́bú igi bò ó, wọn a gbé e sínú ọkọ̀ ojú omi. Ṣùgbọ́n wọn kì í pín in ní gáréèjì. Ó di èbúté, nígbà tí gbogbo ẹni tó lówó níbẹ̀ bá ti pé. Mo bi Ìyá Bọ́sẹ̀ nígbà náà pé kí ló dé tí wọn ò jẹ́ kí kálukú mọ tirẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀.

Ó ní, “Ọma mi, bí o bá pín yìnyín ní gáréèjì, ti ẹnì kan ni yóò yọ́. Bí o bá pín in ní èbúté, ti gbogbo wa ló yọ́.”

Òfin yẹn ni mo gbé wọ iṣẹ́ tuntun, òun náà ló sì dá gbólóhùn asọ̀ sílẹ̀ láàárín èmi àti Dókítà Adéoyè. Dókítà yìí ni olórí ẹgbẹ́ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Ìbàdàn ló ti wá, èèyàn dáadáa ni, àmọ́ ẹ̀rù omi ń bà á débi pé bó bá wọ ọkọ̀, àárín gbùngbùn ni yóò jókòó sí, yóò na ọwọ́ méjèèjì di ẹ̀gbẹ́ ọkọ̀ mú bí ẹni pé òun ni kò jẹ́ kó rì. Ohun tó wù ú ni kí n kọ orúkọ ẹgbẹ́ sára páálí kọ̀ọ̀kan láti ṣọ́ọ̀bù wá: ti Òde-Ugbò, ti Etíkàn, ti ẹgbẹ́ kẹta tó ń tọ́jú àwọn aládùúgbò wa ní òdìkejì. Ó ní bí wọ́n ṣe ń ṣe é níbi gbogbo nìyẹn. Mo ní níbi gbogbo, ọ̀nà ọ̀dà ni wọ́n ń gbà. Bí ìgbì bá gbé páálí Etíkàn lọ ńkọ́, ṣé àwọn méjì yòókù yóò máa wo Etíkàn lójú ni? A jiyàn títí oúnjẹ fi tutù. Nígbẹ̀yìn, ó ní ká dán tèmi wò ná. Ẹnu ló fi gbà, ọkàn rẹ̀ kò gbà.

Ó lọ bẹ́ẹ̀ fún ìgbà díẹ̀, ó sì dára. Olóògùn tó ń rẹ́rìn-ín músẹ́ kò rí ẹni tí yóò máa fowó lé owó fún un mọ́, owó dírípù sì wálẹ̀. Nígbà kan, òjò wọ inú ìdì ìyẹ̀fun oníyọ̀ tí à ń pò fún àwọn tó ń ṣu. A jọ pín èyí tó kù, ẹnikẹ́ni kò sì ráhùn. Mi ò fi Dókítà ṣe yẹ̀yẹ́. Ẹ̀rín rẹ̀ wà nínú mi ṣá.

Àárọ̀ ọjọ́ kan ni nọ́ọ̀sì Òde-Ugbò ránṣẹ́ pé dírípù tó wà lọ́wọ́ òun kò ní di ọjọ́ kejì, àwọn tó sùn sórí ẹní nílé ẹ̀kọ́ sì ń pọ̀ sí i. Ẹ̀gbọ́n mi Fọlákẹ́ wà lára wọn. Òun ló tọ́ mi dàgbà lẹ́yìn ìyá wa. Èmi fúnra mi ni mo ń gba ẹrù lọ́wọ́ àwọn alágbàrù. A di ọkọ̀ kún. Bàbá Tẹ́mi, ọlọ́kọ̀ wa, fa ẹ́ńjìnnì, Dókítà di ẹ̀gbẹ́ ọkọ̀ mú, a sì gbéra.

Níbi tí odò ti yí kọ́rọ́, a rí okùn tí wọ́n ta dábùú omi. Àwọn ọ̀dọ́ wa ni, àwọn tó ń ṣọ́ odò. Ọ̀gá wọn, Gbénró, wọ rénkóòtù aláwọ̀ ìyeyè tí àwọn apẹja ń wọ̀. Mo mọ̀ ọ́n láti kékeré. Ó kí mi dáadáa, ó pè mí ní àǹtí, lẹ́yìn náà ló ní àwọn gbọ́ pé díẹ̀ lára oògùn tí mò ń kó ń lọ sí òdìkejì. Kò ní sí wàhálà, ó ní, kí n sáà fi tiwọn hàn, àwọn yóò dà á sómi, a ó sì máa bá tiwa lọ.

“Èwo ni tiwọn?” ló bi mí.

Dókítà bẹ̀rẹ̀ sétí mi. Ó ní, “Mádàámù, ẹ jọ̀ọ́, ẹ tọ́ka sí díẹ̀ ká lè kọjá.”

Ó wù mí kí n tọ́ka. Ẹ má gbà mí gbọ́ tí mo bá sọ pé kò wù mí. Fọlákẹ́ wà lórí ẹní, ìka mi kan ṣoṣo ló sì kù kí ọ̀nà ó là. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ yìnyín ló sọ sí mi lọ́kàn. Bí mo bá tọ́ka sí páálí kan, mo ti pín ẹrù láàárín omi nìyẹn, èmi nìkan, nígbà tí àwọn tó ni ín kò sí níbẹ̀. Àti pé lọ́jọ́ tí àwọn ọ̀dọ́ yìí bá ti mọ̀ pé ti òdìkejì wà lọ́tọ̀ nínú ọkọ̀, kò sí ọkọ̀ tí wọn kò ní dá dúró mọ́.

Mo ní, “Gbénró, a kò tíì pín in. Kò sí tiwọn níbẹ̀, kò sì sí tiwa. Èyí tó bá wù ọ́ ni kó o dà sómi, ṣùgbọ́n mi ò mọ̀ bóyá èyí tí wọn ì bá fà sára ìyá rẹ ni.”

Mo mọ̀ pé ìyá rẹ̀ wà nílé ẹ̀kọ́ Òde-Ugbò, nítorí nọ́ọ̀sì ti ránṣẹ́ orúkọ àwọn tó wà níbẹ̀. Gbénró ní irọ́ ni mò ń pa, kò sí ẹrù tí kò lẹ́ni tó ni ín. Ó bọ́ sínú ọkọ̀ wa, ó ń yí páálí po, ó ń wá orúkọ. Ó wo òkè, ó wo ìsàlẹ̀, ó ní kí àwọn ọmọ ẹ̀yìn rẹ̀ tó mọ̀wé wá bá òun wò ó. Wọn kò rí nǹkan kan, àfi orúkọ ilé iṣẹ́ tó ṣe dírípù. Dókítà Adéoyè ń wo àwọn páálí tó fẹ́ kí n kọ orúkọ sí, òógùn sì bò ó.

Gbénró gbé páálí tó wà lọ́wọ́ rẹ̀ kalẹ̀. Lẹ́yìn náà ló ní kí wọ́n tú okùn, ṣùgbọ́n òun yóò bá wa lọ, òun fẹ́ fi ojú ara òun rí i bóyá lóòótọ́ la ń pín in. Mo ní kó jókòó, ààyè wà.

Ẹ̀gbọ́n mi yè. Ìyá Gbénró náà yè. Dókítà kò tún dárúkọ ọ̀rọ̀ kíkọ nǹkan sára páálí mọ́. Nígbà tí mo fẹ̀yìn tì, àwọn tó gba iṣẹ́ lọ́wọ́ mi ní kí n sọ ohun tí mi ò ní gbàgbé láé, wọ́n sì rò pé okùn tí wọ́n ta dábùú omi ni n ó sọ. Mo ní rárá o, ohun tó ṣẹlẹ̀ ní èbúté Òde-Ugbò ni.

A kó ẹrù sórí pákó, aṣojú ẹgbẹ́ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta pé, mo sì pín in. Gbénró gbé ti ilé ẹ̀kọ́ fúnra rẹ̀, ó sáré lọ, ó sì wà lọ́dọ̀ ìyá rẹ̀ títí dírípù fi ń kán. Nígbà tó padà dé, ìdá kẹta ló kù lórí pákó. Àwọn ìyá ọlọ́jà tí ìhà méjèèjì kì í dá dúró ti fẹ́ gbé e sọdá, òjò sì ti ń ṣú. Ó dúró tì í.

“Èyí ni tiwọn?” ó ní.

Ẹ̀rù bà mí. Mo ní, “Bẹ́ẹ̀ ni. Ó ṣẹ̀ṣẹ̀ di tiwọn ni.”

Ó bẹ̀rẹ̀, ó gbé àwọn páálí náà sínú ọkọ̀ àwọn ìyá náà ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. Nígbà tí òjò bẹ̀rẹ̀, ó bọ́ rénkóòtù ọrùn rẹ̀, ó fi bò wọ́n, ó ki etí rénkóòtù náà sábẹ́ páálí kí atẹ́gùn má baà gbé e, ó sì dúró sínú òjò títí ọkọ̀ fi lọ.