Ẹni Tó Jókòó Sídìí Kọ̀ǹpútà Ọmọ Mi

Ní agboolé wa n'Ísàlẹ̀ Òsì, wọ́n ń sọ kiri pé èmi ni mo ba ọ̀nà ọkọ jẹ́ mọ́ ọmọ mi lọ́wọ́, pé nítorí kọ̀ǹpútà ni. Ẹni tó fa wàhálà ni wọn ò rí bá wí, torí pé ó ń tú òyìnbó dà sílẹ̀ bí omi.

Èmi ò kàwé. Ìwé kẹrin ni mo dé tí bàbá mi fi fà mí lé ọ̀gá télọ̀ lọ́wọ́. Ṣùgbọ́n láti Bẹẹrẹ dé Mápó, ẹ bèèrè ẹni tó ń gé agbádá tí kì í gba àtúnṣe. Èmi náà ni. Ẹ̀rọ ìránṣọ mi yẹn ló gbé ọmọbìnrin mi dé yunifásítì.

Kóòdù ló ń kọ báyìí, àṣẹ tí wọ́n fi ń darí kọ̀ǹpútà. Inú pálọ̀ mi ló ti ń ṣe é. Ibi tó ń kọ ọ́ sí dúdú kirikiri, kò sí àwòrán, kò sí bọ́tìnnì kankan lójú rẹ̀. Mo bi í pé, "Ìyá mi, ṣé kò sí èyí tó lẹ́wà ju eléyìí lọ ni?"

Ó rẹ́rìn-ín. "Ó pọ̀, Bàbá. Ṣùgbọ́n nínú eléyìí, ọwọ́ mi kì í kúrò lórí lẹ́tà. Ohunkóhun tí mo bá fẹ́, ìka mi ti mọ ọ̀nà ẹ̀. Ó sì ti pẹ́ tí mo ti ń tún un ṣe kó lè bá ọwọ́ mi mu."

Ó yé mi lójú ẹsẹ̀. Ẹsẹ̀ mi ló ń wa ẹ̀rọ, ara aṣọ lojú mi máa ń wà.

Ọmọkùnrin tó fẹ́ fẹ́ ẹ náà ń kọ kóòdù. Ibi tó ń kọ tiẹ̀ sí kún fún àwọ̀ bí ojú ìsọ̀ Ọjà'ba nígbà Iléyá. Á máa fi ọmọ mi ṣe yẹ̀yẹ́ pé nǹkan arúgbó ló ń lò. Ọmọ mi á ní, "Arúgbó tó ń sáré jù ẹ́ lọ!" Gbogbo wa á rẹ́rìn-ín.

Ó wá ní ọ̀sán Sunday kan láti gbọ́ lẹ́nu mi bóyá kí ẹbí rẹ̀ máa bọ̀ wá tọrọ ọmọ. Mo ní kó jẹ́ kí n jáde lọ kírun ná. Ọmọ mi wà lẹ́yìn ilé, ó ń dáná. Ká tó padà wọlé, ọkùnrin yìí ti jókòó sídìí kọ̀ǹpútà ọmọ mi. Ó ti yọ eléyìí tó dúdú kúrò, ó ti pa gbogbo ohun tí ọmọ mi tò sínú rẹ̀ rẹ́, ó ti gbé tirẹ̀ sí i.

"Wò ó! Wàá gbádùn ẹ̀. Tá a bá ti fẹ́ra tán, ọ̀nà kan náà la ó jọ máa gbà ṣiṣẹ́."

Ọmọ mi gbé ìka lé lẹ́tà. Ìka ń wá ọ̀nà tó mọ̀, kò rí i. "Ṣé o bi mí ni?"

Ní ìsọ̀ wa, ẹni tó bá jókòó sídìí ẹ̀rọ ẹlòmíràn á kọ́kọ́ tọrọ àyè. Tó bá mú òwú rẹ̀ le tàbí tó dẹ̀ ẹ́, á dá a padà sí bó ṣe bá a. Ẹni tí kò bá ṣe bẹ́ẹ̀, ọ̀gá ni o, ọmọṣẹ́ ni o, á bẹ ẹni tó ni ẹ̀rọ lójú gbogbo ìsọ̀.

Mo ní kó bẹ̀bẹ̀. Ló bá dọ̀bálẹ̀ gbalaja síwájú mi. "Ẹ má bínú, Bàbá."

"Ṣé tèmi lo bàjẹ́ ni? Ẹni tó ni ín ló dúró lẹ́yìn ẹ yẹn."

Ó dìde, ó gbọn eruku orúnkún dànù. "Ẹ̀yin náà, Bàbá. Ibi ìkọ̀wé lásán ni o. Mo mọ ohun tó dáa fún un. Ṣé kí n wá máa bẹ obìnrin tí mo fẹ́ fẹ́ ni?"

Lásán! Mo pariwo débi pé àwọn ará ilé yọjú. Mo ní bó bá mọ ohun tó dáa fún un lórí kọ̀ǹpútà lónìí, lọ́la á mọ̀ ọ́n lórí owó rẹ̀, lórí aṣọ rẹ̀, lórí ẹni tó yẹ kó máa bá sọ̀rọ̀. Mo kọjú sí ọmọ mi: "Èsì wo ni kí n fún un?"

"Kí àwọn ẹbí ẹ̀ jókòó sílé wọn, Bàbá."

Mo ṣílẹ̀kùn fún un. Kó tó rí bàtà ẹ̀ wọ̀, ọmọ mi ti jókòó, ó ti ń to tirẹ̀ padà láti ìbẹ̀rẹ̀, ó ń gbá lẹ́tà bí ẹni ń gún ata.